Ilẹ̀ Tó Ń Jẹ Ohùn Mi

Jos, ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kọkànlá, 1982

Lẹ́tà Monica dé lánàá. Oṣù méjì ló lò lọ́nà láti Freetown. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbọ́n mi Jonathan láti oṣù kẹjọ. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn sì lọ pátápátá. Kò lè béèrè omi. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún un, kò sì lè di bírò mú, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tẹ nǹkan.

Ohun tó sì ń tẹ̀ ni Mọ́ọ̀sì, èdè tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí rédíò. Monica ní ní gbogbo òwúrọ̀, ní aago márùn-ún tiwọn, tó jẹ́ mẹ́fà tiwa, ó máa ń fi ojú bẹ òun kí òun bá a tan rédíò. Á tẹ̀ ẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, á dákẹ́, á fetí sílẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan, á wá bú sẹ́kún. Ìyàwó rẹ̀ yìí kò gbọ́ Mọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Yorùbá. Ó kọ ọ́ pé, "Samson, ta ni ì bá tún máa pè bí kì í ṣe ìwọ?"

Ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ gba ọwọ́ méjì. Ẹ̀rọ kékeré àtijọ́ ló wá ń lò, èyí tí kò mọ̀ ju ojú ìgbì kan ṣoṣo lọ, ní ọgọ́rin mítà. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́wàá la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ní ogún mítà, ní ìrọ̀lẹ́. N kò ní waya kankan tó lè ṣiṣẹ́ ní ọgọ́rin. Ìgbì ibẹ̀ gùn, ó ń fẹ́ waya gígùn àti ilẹ̀ tó dára, èmi kò sì ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

15 oṣù kọkànlá

Mo gbọ́ ọ! Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ náà ni, n ó dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún. "Samson. Jonathan nìyí. Ṣé o wà níbẹ̀?" Etí òkun ni ilé rẹ̀ wà, omi iyọ̀ ló yí ìdí òpó rẹ̀ ká, ìyẹn ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa dún kedere bẹ́ẹ̀. Mo fi agídí dáhùn pẹ̀lú waya ogún mítà. Kò gbọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pa ẹ̀rọ, ó béèrè ohun tó ti ń béèrè lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́rìnlá. "Báwo ni màmá ṣe kú? Ṣé ó bínú sí mi?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti mọ̀ ọ́n.

18 oṣù kọkànlá

Mo lọ sí Katako, ọjà pákó. Òpó yukalípù tí n ó fi gbé waya ọgọ́rin mítà ró, ẹsẹ̀ bàtà ọgbọ̀n, náírà mẹ́sàn-án. Ó yẹ kó gùn tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi gbé e dìde? Lááwàlì, ọmọ Ìlọrin tó ń ta irin àlòkù lẹ́yìn àwọn onípákó, bá mi wá ọ̀pá bàbà kan tí n ó rì mọ́lẹ̀ láti so rédíò mọ́ ilẹ̀. Ó wò mí títí.

"Bàbá, wallahi, ṣé kùsà lẹ fẹ́ wà ni? Àwọn òyìnbó ti kó o tán."

Mo ní kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, owó rẹ̀ á pé.

21 oṣù kọkànlá

Ọ̀pá wọlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó kan àpáta. Mo sún un, ó tún kan àpáta. Ẹ̀gbẹ́ ògiri Àlàájà aládùúgbò wa ló ti wọlẹ̀ tó mẹ́rin, ó wá tẹ̀. Ìlú yìí, òkúta ni, erùpẹ̀ kàn fi bò ó ni. Ọyẹ́ sì ti dé, gbogbo ilẹ̀ gbẹ, ètè mi ti là.

24 oṣù kọkànlá

Inú mi dùn lónìí, ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí pé òpó kúrú, mo we waya yí páìpù oníke ká, mo so ó sí ìdí òpó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá ibi tó máa bá a mu. Lónìí, mítà tó ń wọn agbára tó ń padà sínú ẹ̀rọ dúró pérépéré. Ìyẹn ni pé nínú ogójì wáàtì tí mo fi ránṣẹ́, kò sí èyí tó padà wá sínú ẹ̀rọ. N kò rí mítà tó pé báyìí rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wáyà, iṣẹ́ tẹligíráàmù, ní póòsì, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo lò níbẹ̀.

Mo pe Abísọ́lá ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ó dáa. Ṣé Bọ̀ọ̀dá á gbọ́ lọ́la?"

Mo ní, "Á gbọ́."

25 oṣù kọkànlá

Kò gbọ́.

30 oṣù kọkànlá

Òwúrọ̀ mẹ́fà. Mítà pé, òun kò gbọ́. Èmi ń gbọ́ ọ dáadáa, kódà mo ń gbọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ kúrò lórí kíì, irin tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan náà ló ń bi mí. Lẹ́yìn náà, á ní, "Ó dàárọ̀, Samson," bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti ń mọ́.

3 oṣù kejìlá

Mo rí i nínú ìwé àtijọ́ kan pé iyọ̀ máa ń ran ilẹ̀ lọ́wọ́. Mo ra mọ́dù mẹ́ta, mo dà á sí ìdí ọ̀pá, mo bomi rin ín. Abísọ́lá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Bàbá Rhoda, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi ilẹ̀ sè ni?"

Mítà yí díẹ̀, mo tún un ṣe, ó pé. Jonathan kò gbọ́.

11 oṣù kejìlá

Ìjà. Àlùbọ́sà ni Àlàájà Hàbíbátù gbìn sí lámbù rẹ̀, ọgbà kékeré tó wà lẹ́yìn ògiri wa, ó ń fi omi kànga rin ín láràárọ̀. Poro méjì tó sún mọ́ ọ̀pá mi ti rọ, ewé wọn ti funfun. Ó tọ́ erùpẹ̀ wò, ó tutọ́ dànù, ó sì wọ ilé wa wá láìkan ilẹ̀kùn.

"Haba, Bàbá Rhoda! Iyọ̀? Ẹ da iyọ̀ sí ilẹ̀ mi? Kí ni mo ṣe fún yín? Ṣé oògùn ni?"

"Àlàájà, kì í ṣe oògùn. Rédíò ni."

"Rédíò tó ń jẹ iyọ̀! Kò sí irú ẹ̀ ní ilé ọmọlúwàbí."

Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ pín ògiri yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, ó lọ. Láti ìgbà yẹn, bí a bá pàdé, á kí Abísọ́lá, á wo orí mi kọjá.

17 oṣù kejìlá

Mo tẹ wáyà sí Monica láti póòsì. "Sọ fún un pé mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́." Àwọn ọmọ tó wà nídìí iṣẹ́ níbẹ̀ báyìí kò mọ̀ mí mọ́. Wọ́n ní kí n tò.

21 oṣù kejìlá

Wáyà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tó tẹ̀ láàárọ̀ yìí rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe wá:

"Monica ní o ń gbọ́ mi. Irọ́ ni. Ó ń tù mí nínú ni. Bí o bá ń gbọ́ mi, fi ọwọ́ ara rẹ dáhùn."

Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Ó sọ pé, "Mo mọ̀ pé o kò ní dáhùn."

Abísọ́lá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kí Monica kà á fún un. Bí mo bá kọ ọ́, oṣù méjì. Bó bá sì dé, á ní irọ́ ìtùnú ni. Ó ṣe tán, ọdún mẹ́rìnlá ni mo ní láti fi kọ lẹ́tà náà, n kò kọ ọ́.

25 oṣù kejìlá, Kérésìmesì

Rhoda ọmọ wa kò lè wá láti Kàdúnà, kò sí epo. Èmi àti Abísọ́lá nìkan la jẹun. Adìyẹ kan, náírà méjìlá, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́.

N ó kọ ọ́ síbí, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Jonathan wà lójú omi gẹ́gẹ́ bí onírédíò ọkọ̀ nígbà tí màmá dùbúlẹ̀. Ogun ń lọ, ó ní òun kò lè wá. Inú yàrá tí mo ti ń kọ̀wé yìí ni màmá kú sí, lọ́dún 1968. Odindi ọdún méjì, èmi ni mo gbé e lọ gbé e bọ̀, èmi ni mo fọ aṣọ rẹ̀, èmi ni mo fi ṣíbí fún un lómi. Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, oríkì Jonathan ló ń pè. Àjàní. Àjàní. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń pe Àjàní. Kò pe Àyìndé, oríkì tèmi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo kọ̀wé sí Jonathan nígbà náà pé, "Màmá kú, a ti sin ín." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí pàdé lórí rédíò, tó bá béèrè, mo máa ń sọ fún un pé ìwé àṣẹ wa kò gba ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló gbà. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún un. Ó lérò pé màmá gégùn-ún fún òun kó tó kú, èmi sì jẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀. Owú ni. Mo jowú òkú àti ẹni tó wà lójú omi.

5 oṣù kìíní, 1983

Mo tẹ́ waya mẹ́rin sórí ilẹ̀ láti ìdí òpó, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìwé. Mítà bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, agbára bẹ̀rẹ̀ sí padà. Mo tú wọn kúrò, ó tún pé. Ó dára kí n máa gbọ́ ti mítà mi.

10 oṣù kìíní

Mítà ń ṣe ségesège. Tí mo bá tan ẹ̀rọ ní aago mẹ́fà, ó pé. Tó bá di mẹ́fà kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti bàjẹ́. Mo tú gbogbo ojú ibi tí mo ti fi òjé lẹ waya, mo tún wọn lẹ̀. Kò yí padà. Ohùn Jonathan ti ń rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló tẹ̀ lónìí kó tó rẹ̀ ẹ́.

12 oṣù kìíní

Mo ti rí i. Àlàájà ni. Ìgbà yẹn ló máa ń bomi rin poro tuntun tó gbìn, omi ń yọ́ gba abẹ́ ògiri wá sí ìdí ọ̀pá mi. Mo lọ bá a pé kó jọ̀wọ́, kó máa dúró di aago méje.

"Àlùbọ́sà mi á dúró de rédíò yín? To. Ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ tún fẹ́ fi òùngbẹ pa á."

Mo padà sílé bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

15 oṣù kìíní, Sátidé

Kí n rọra kọ ọ́.

Mo ti ṣe mítà kékeré kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí kò so mọ́ ẹ̀rọ rárá. Waya tí kò gùn ju apá lọ ni, àti abẹ́rẹ́ tó ń gbéra bí agbára bá gba inú afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbé e sójú fèrèsé balùwẹ̀, ní ìpẹ̀kun àgbàlá. Mo ní kí Abísọ́lá dúró tì í kó máa ka nọ́mbà fún mi. Ó ro ìborùn mọ́ra, ó ń gbọ̀n nínú ọyẹ́, ó sì ń ráhùn. Mo tẹ kíì.

"Mẹ́rin!"

Mítà ńlá níwájú mi pé. Mo ń tẹ̀ ẹ́ nìṣó. Mo gbọ́ tí Àlàájà ń da omi lẹ́yìn ògiri, mo ṣépè sínú. Mítà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́.

"Márùn-ún!" Abísọ́lá kígbe. "Ó di mẹ́fà o, Bàbá Rhoda. Ó ń gòkè!"

Mo ní irọ́ ni. Mo sáré lọ wò ó fúnra mi. Kì í ṣe irọ́.

Mo jókòó sórí garawa nínú balùwẹ̀. Mítà ńlá kò purọ́ fún mi rí. Ó ní agbára kò padà wá, lóòótọ́ ni, kò padà. Èmi ni n kò béèrè ibi tó lọ. Ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Òpó kúkúrú kò gbà ju díẹ̀ lọ, ilẹ̀ gbígbẹ ń gba ìyókù, àpapọ̀ wọn ló wá ṣe déédéé iye tí mítà ń fẹ́. Nínú ogójì wáàtì, bóyá ni márùn-ún ń jáde ní àgbàlá yìí. Ìyókù ń gbóná sínú erùpẹ̀ lásán. Omi Àlàájà tí mo ṣépè fún ló mú kí ilẹ̀ dín jíjẹ rẹ̀ kù. Ilẹ̀ kò dí mi lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ. Bó ṣe ń dín ohùn rẹ̀ kù ló ń dín ariwo kù pẹ̀lú. Ohun tí mo ń rán jáde nìkan ló ń jẹ.

Waya mẹ́rin tí mo tẹ́, tí mítà fi bàjẹ́, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Mo tú wọn nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi jókòó tí mò ń yọ̀ mọ́ ilẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ mi lọ́wọ́.

16 oṣù kìíní

Ó kéré tán, ọgbọ̀n waya ló yẹ kí n tẹ́ yí òpó ká. Àgbàlá wa kò gba ju ìdajì lọ. Ìdajì tó kù, inú lámbù Àlàájà ni. Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

"Ẹ dìde, Bàbá Rhoda, ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà. Kí ló tún kù? Ata ni ẹ fẹ́ dà síbẹ̀ báyìí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀, aago mẹ́fà, bó ṣe rò pé mo kọ̀ láti dáhùn. N kò sọ ti màmá. Ó jókòó sórí àpótí.

"Láti oṣù kọkànlá? Ẹ ń gbọ́ ọ, kò gbọ́ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí ẹ bá ti sọ èyí fún mi nígbà yẹn, ṣé mo máa bá yín jà nítorí àlùbọ́sà?" Ó fi ìborùn nu ojú. "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kì í sọ̀rọ̀. Ẹ gba àárín poro kọjá. Ẹ má tẹ àlùbọ́sà mi mọ́lẹ̀, wallahi, n ó fà yín létí."

22 oṣù kìíní

Lááwàlì gbé mọ́tò iná ńlá kan wá, èyí tí wọ́n fi ń fa omi níbi ìwakùsà kan ní Zawan tẹ́lẹ̀. Ó ti jóná, ṣùgbọ́n bàbà wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. A jókòó, a ń tú waya kúrò nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìka àwa méjèèjì ya. Òun náà ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà tí ìjọba ní kí wọ́n máa lọ, bí ènìyàn kan ṣe wá ta ìkòkò àti ẹ̀rọ ìránṣọ fún un kó tó lọ. Ó ní òun kò lè wo ojú rẹ̀.

29 oṣù kìíní

Waya mẹ́tàdínlógún ti wà nílẹ̀. Mítà ńlá ti bàjẹ́ pátápátá. Mítà kékeré, mẹ́sàn-án. Jonathan kò wọlé fún ọjọ́ méjì.

31 oṣù kìíní

Ó wọlé. "Samson," ó dákẹ́, "Samson," ó tán.

5 oṣù kejì

Waya méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ti sún ojú ìsopọ̀ lórí páìpù oníke kí ẹ̀rọ lè gba òpó náà bó ṣe wà. Mítà kékeré, mẹ́tàlá. Abísọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbà á gbọ́. Jonathan kò wọlé.

8 oṣù kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ó gbọ́ mi.

Aago mẹ́fà kọjá mẹ́sàn-án. Ó tẹ orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Àjàní, Àyìndé nìyí. Mo ń gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ." Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà tó ń já lu ara wọn, tí kò ní ìtumọ̀, mo mọ̀ pé ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ̀ ẹ́ pé, "Ọwọ́ rẹ ni. Ọwọ́ rẹ ni lóòótọ́."

N kò jẹ́ kó béèrè. Mo sọ fún un pé, "Màmá kò bínú sí ọ. Ìwọ ló ń pè fún ọjọ́ mẹ́ta. Àjàní ló pè títí ẹ̀mí fi bọ́. Mo fi pamọ́ fún ọ."

"Kí ló dé?"

Ojú ọ̀run ti ń pọ́n lójú fèrèsé, oòrùn sì máa ń pa ìgbì yìí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Kò sí àyè láti ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Kò pè mí rárá."

Ó pẹ́. Mo rò pé oòrùn ti gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan, ìsinmi, lẹ́tà kan. Mo tẹ etí mọ́ ẹ̀rọ, ariwo ń bo ọ̀rọ̀ náà, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń bọ̀:

"Ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹni, a kì í pè é."

Kò tún sí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí Abísọ́lá gbé ògì wọlé, ó rí mi, ó gbé e sílẹ̀, ó sì jókòó tì mí.

9 oṣù kejì

Kò wọlé.

11 oṣù kejì

Kò wọlé. Àlàájà béèrè lórí ògiri. Mo mi orí.

14 oṣù kejì

Wáyà Monica. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ni Jonathan kú, kó tó di aago tó máa ń tan rédíò. Ó ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú rẹ̀ rọ̀.

15 oṣù kejì

Mo jí ní aago márùn-ún ààbọ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Mo jókòó, mo tan ẹ̀rọ, mo sì tẹ Àjàní, Àjàní, títí oòrùn fi yọ.